Salmah Kò Dákẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí kí n sọ pé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fojú kanra ni ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára, ẹ má wulẹ̀ dúró. Irọ́ ni. Ìjà ni Salmah àti Láńrewájú fi bẹ̀rẹ̀, ìjà náà sì le débi pé ọ̀gá wọn ní láti lọ ti ìlẹ̀kùn kó tó lè gbọ́ ohun tí ẹni tó wà lórí fóònù ń bá a sọ.

Orí ìràwọ̀ ni wọ́n ti jà. Kì í ṣe ìràwọ̀ ojú ọ̀run o, èyí tó wà lára bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ni.

Salmah jẹ́ ọmọ Alàájì Mùyídéènì, aránṣọ tó ń ṣe ọnà sí ọrùn agbádá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo. Ọ́fíìsì kékeré kan ní Òkè-Fìà ni Salmah ti ń ṣiṣẹ́ áàpù. Mọ́sáláṣí àdúgbò wọn gbé iṣẹ́ fún ọ́fíìsì náà pé kí wọ́n ṣe áàpù tí gbogbo ìjọ yóò fi máa rí wáàsí, ìkéde ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ àti yìgì lórí fóònù wọn. Alàájì Mùyídéènì fúnra rẹ̀ ni akọ̀wé mọ́sáláṣí, òun ni yóò sì máa kọ àwọn ìkéde náà. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ ju agbára Salmah lọ, Ọ̀gá Àbídèmí tó ni ọ́fíìsì ké sí ọmọkùnrin kan ní Iléṣà pé kó wá kún un lọ́wọ́. Láńrewájú Akínladé nìyẹn, ọmọ Iwaraja nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Kìrìsìtẹ́nì tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin láti kékeré.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún Láńrewájú ni bí ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá kọ yóò ṣe máa yọ sójú fóònù. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà ìkọ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní mákídaùn. Èèyàn á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lásán, á kàn fi àwọn àmì wẹ́wẹ́ há a láàárín. Láíbìrì kan, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè máa lò ó, á wá ka àwọn àmì yẹn, á sọ ọ̀rọ̀ kan di àkọlé, á mú òmíràn ki, á mú òmíràn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn àmì fúnra wọn á sì pòórá.

“Alárinà ni àwọn àmì náà,” ni Láńrewájú sọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. “Tójú bá ti mojú tán, alárinà a yẹ̀ba.”

Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bí Salmah nínú nìyẹn.

Èyí tó wá bí i nínú jù ni ti ìràwọ̀. Lórí Wáásáàpù, bí èèyàn bá fi ìràwọ̀ kan síwájú ọ̀rọ̀, tó fi ọ̀kan sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á ki, á dúdú. Báyìí ni gbogbo àgbà Òṣogbo ṣe mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nínú mákídaùn, ìràwọ̀ kan ń mú ọ̀rọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, méjì ló ń mú un ki. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí èèyàn bá kọ ìlà kan tó sọ̀kalẹ̀ kọ èkejì, láíbìrì náà á da ìlà méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀ rárá.

“Ká kọ́ àwọn bàbá náà ní ìràwọ̀ méjì,” ni Láńrewájú wí. “Bí gbogbo ayé ṣe ń lò ó nìyẹn.”

“Gbogbo ayé wo? Ṣé gbogbo ayé ló ń kírun ní mọ́sáláṣí wa?”

“Ìlànà ni, Salmah. Èèyàn ò lè tìtorí ẹnì kan ba ìlànà jẹ́.”

“Bàbá mi ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọjọ́ tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìràwọ̀ yẹn sí ọ̀rọ̀, gbogbo ilé ni wọ́n pè kó wá wò ó. Ìwọ wá fẹ́ ká lọ sọ fún wọn pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Wá ẹlòmíràn rán, mi ò ní lọ.”

“Ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo yìí lágídí.”

“Ọmọ òṣómàáló, o ò tíì rí nǹkan kan.”

Láńrewájú bínú kó lápútọ́ọ̀pù rẹ̀, ó wọkọ̀ padà sí Iléṣà. Salmah náà lọ sílé, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ nìyẹn náà, nítorí gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ló fi ń yẹ fóònù wò bóyá Ìjẹ̀ṣà náà ti kọ nǹkan ránṣẹ́. Ẹni tó bínú sí wa tí kò dá wa lóhùn, èwo ni ti ká máa yẹ fóònù wò nítorí rẹ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, iṣẹ́ náà dé. Láńrewájú ti lọ sí ibi tí láíbìrì náà fi àyè sílẹ̀ sí fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lọ́nà tirẹ̀, ó sì ti kọ òfin tuntun sí i: bí o bá rí ìràwọ̀ kan, mú ọ̀rọ̀ náà ki, bí akọ̀wé bá sọ̀kalẹ̀, ìwọ náà sọ̀kalẹ̀. Ó tún rí i pé oríṣi lẹ́tà tí Salmah yàn kò mọ àmì orí àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá, pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ki báyìí, àpótí òfìfo ló ń hàn níbi tí ẹ àti ọ yẹ kó wà. Ó ti pààrọ̀ ìyẹn náà. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kọ tẹ̀ lé e: “Mo ti ṣe é bí bàbá ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Bá mi kí wọn.”

Salmah kà á tán, ó gbé fóònù dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀rù bà á. Ó mọ̀ pé ẹni tó lè bínú bẹ́ẹ̀, tó tún lè lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tó bá a jà lé lórí nítorí bàbá tí kò rí rí, kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń gbàgbé bọ̀rọ̀. Kìrìsìtẹ́nì sì ni. Salmah fẹ́ràn rẹ̀. Ó sọ ọ́ sókè sí etí ara rẹ̀ nínú yàrá tí kò sí ẹnì kankan, kó lè mọ bí yóò ti rí. Ó rí bí òtítọ́.

Láti ìgbà náà ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú áàpù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọn kò lè fi fóònù yanjú, ṣùgbọ́n ọ̀nà Iléṣà sí Òṣogbo kò jìnnà lójú ẹni tó ń wá nǹkan.

“Kí lo wá ṣe lónìí?” ni Salmah bi í lọ́jọ́ kan tó bá a lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì.

“Àlàfo abẹ́ àkọlé yẹn ni. Ó fẹ̀ jù.”

“O wọkọ̀ láti Iléṣà nítorí àlàfo?”

“Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.”

“Láńrewájú, kí lo wá ṣe?”

Ó wo ilẹ̀, ó wo okàdà tó ń kọjá lọ. “Ìwọ ni mo wá wò.”

Wọ́n rìn lọ títí wọ́n fi dé orí afárá. Salmah ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, “Mi ò ní fi ìrun kíkí sílẹ̀ o.”

“Ta ló ní kó o fi í sílẹ̀? Èmi náà ò ní fi ṣọ́ọ̀ṣì mi sílẹ̀.”

“Mo mọ̀.”

“Kí la wá fẹ́ ṣe?”

“Bá a ṣe wà yìí náà la ó ṣe fẹ́ra wa,” ni Salmah wí. “Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá bi wá.”

Láńrewájú rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Òun náà mọ àwọn tí yóò wá bi wọ́n.

Ẹni tó ṣe alárinà fún wọn ni Àǹtí Àpìkẹ́, àbúrò Alàájì Mùyídéènì, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Nígbà tí Salmah sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, ó kọ́kọ́ kígbe, ó tún jókòó, ó ní kó tún un sọ.

“Ìjẹ̀ṣà,” ni Àpìkẹ́ wí. “Ṣé o mọ̀ pé bí irú wọn bá ti lóṣòó síwájú ilé èèyàn, ó di kó gba ohun tó wá gbà?”

“Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, Àǹtí.”

Áàpù náà jáde ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun. Alàájì Mùyídéènì kọ ìkéde àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Ó fi ìràwọ̀ kan síwájú orúkọ olóògbé tí wọ́n ń kéde, ó fi ọ̀kan sẹ́yìn. Orúkọ náà yọ, ó ki, àmì rẹ̀ pé, ìlà sì dúró lórí ìlà bó ṣe tò ó. Ó yí fóònù káàkiri fún gbogbo àwọn àgbà tó wà níbẹ̀, ó tún gbé e wá sílé.

“Wọ́n ní ó máa ṣòro fún wa,” ló ń sọ. “Wọ́n ní àwa àgbà ò ní mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tó ṣe èyí ro tiwa. Ọmọ àbíire ni, ibi yòówù kó wà. Ọlọ́run Ọba á fún un láya rere.”

Àpìkẹ́ ti wà nílẹ̀ lórí eékún. “Àmín, bùọ̀dá mi. Ẹni náà ló rán mi wá. Ó ti rí aya rere náà, Salmah ni.”

Alàájì rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ṣì dùn. “Kí lorúkọ ẹ̀?”

“Láńrewájú ni.”

“Orúkọ mùsùlùmí ẹ̀ ni mò ń béèrè.”

“Kò ní, bùọ̀dá mi. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ.”

Alàájì gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ohun tó gbóná. Ó ní, “Mo gba àdúrà mi padà.”

“Àdúrà kì í ṣe aṣọ, Bàbá,” ni Salmah wí láti ẹnu ọ̀nà. “Ẹ ti ṣe é, a sì ti ṣàmín.”

“Tó bá fẹ́ ẹ, kó wá gba kálímà, kó di mùsùlùmí. Kò ju ìyẹn lọ.”

“Mi ò ní bẹ̀ ẹ́ kó gbà á. Ẹni tó bá lè tìtorí obìnrin pa Ọlọ́run rẹ̀ tì, ta ni yóò wá tìtorí ẹ̀ pa èmi náà tì lọ́la?”

“Ìwọ ò lè fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sìn wa ò gbà á.”

“Ẹ̀sìn wa ò gba èyí tí bàbá yín fẹ́ náà, Bàbá. Ọ̀ṣunsanmí ni màmá yín ń jẹ́. Odò ni wọ́n ń bọ títí wọ́n fi kú. Bàbá yín ń kírun, màmá yín ń lọ sódò, abẹ́ òrùlé kan náà la ti bí yín. Ẹ ò kí ń sọ pé ilé yẹn ò dáa.”

“Má fẹnu kan ìyá mi.” Alàájì dìde, ó wọ yàrá lọ. Ó dun Salmah pé òun dun bàbá òun. Ṣùgbọ́n kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ẹ má rò pé apá Ìjẹ̀ṣà rọrùn. Ìyá Láńrewájú, Màmá Mọ́rìnọ́lá, ń ta pákó ní ìkóríta Iwaraja. Ọjọ́ tí Láńrewájú mú Salmah dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, orí pákó ló wà, ó ń ka ìdì pákó fún káfíńtà kan, kò sì sọ̀kalẹ̀ títí ó fi kà á tán. Ó wo ìbòrí Salmah, ó wo ọmọ rẹ̀.

“Ùwọ ọmọ yìí, bó o bá wọ ulé mi, ṣé wàá bọ́ aṣọ orí rẹ yẹn?”

“Rárá, mà.”

“O á bá ọmọ mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Màá sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, mà, màá dúró dè wọ́n. Mi ò ní wọlé kí n máa díbọ́n.”

“Ọmọ tẹ́ ẹ bá bí ńkọ́?”

“Àwa méjèèjì la ó kọ́ wọn. Bí wọ́n bá dàgbà, wọ́n á sọ èyí tí wọ́n fẹ́.”

Màmá Mọ́rìnọ́lá yíjú sí Láńrewájú. “Ibo lo ti rí eléyìí?”

“Ibi uṣẹ́ ni, Mọ́mì.”

“N ò fẹ́ ẹ.” Ó gbọn eruku pákó kúrò lọ́wọ́. “N ò fẹ́ ẹ, mo wí i. Ṣùgbọ́n kì í parọ́. Àwọn tó o ti mú wá bá mi tẹ́lẹ̀, gbogbo ohun tí mo bá bi wọ́n ni wọ́n ń gbà sí i, mi ò sì gba ọ̀kan gbọ́ nínú wọn. Ẹ máa lọ. Ẹ jẹ́ kí n máa rò ó.”

Salmah kò sunkún àfi ìgbà tí wọ́n wọ ọkọ̀. “Ó ní òun ò fẹ́ mi,” ló ń sọ.

“O ò mọ Ìjẹ̀ṣà,” ni Láńrewájú dá a lóhùn. “Ẹni tó bá ní òun á rò ó, ó ti ń tà á fún ọ nìyẹn.”

Oṣù díẹ̀ kọjá. Alàájì kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, Salmah sì rò pé bóyá ó ti ń rọ̀. Àṣé ó ti ń ṣe tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, Alàájì Kàbírù, tí ọmọ rẹ̀ Jibril ti kọ́lé sí Ọ̀fàtẹ̀dó, ọmọ gidi tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn bàbá méjèèjì jókòó, wọ́n fẹnu kò. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, fóònù gbogbo ará àdúgbò dún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkéde yìgì ni. Àkọlé rẹ̀ fẹ̀, ó wà láàárín gbùngbùn. Jibril ọmọ Alàájì Kàbírù àti Salmah ọmọ Alàájì Mùyídéènì, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, nílé bàbá ìyàwó. Bàbá rẹ̀ ti fi ìràwọ̀ sí orúkọ méjèèjì. Orúkọ náà ki, àmì pé, ìlà sọ̀kalẹ̀ níbi tó yẹ kó ti sọ̀kalẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Láńrewájú ló mú un yọ dáadáa bẹ́ẹ̀.

Àwọn obìnrin àdúgbò ti ń kí Salmah kú oríire kó tó kà á dé ìdí. Ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe yé e kedere. Bí gbogbo ìjọ bá ti mọ̀, ojú yóò ti ọmọbìnrin láti kọ̀.

Láńrewájú pè é lójú ẹsẹ̀. Òun náà ní áàpù náà lórí fóònù tirẹ̀. “Mo rí i,” ló wí. “Salmah, jẹ́ kí n mú un kúrò. Òfin kékeré kan ni màá kọ. Tó bá rí orúkọ ẹ níbi tí yìgì wà, kó fò ó kọjá. Kò ní hàn lójú fóònù ẹnikẹ́ni. Wọ́n á rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.”

Salmah jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Òun náà mọ ibi tí òfin yẹn ń gbé. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ó ti ṣí i.

“Rárá,” ló wí, ó pa á dé.

“Kí ló dé?”

“Torí ohun tí wọ́n ń retí ni pé kí n dákẹ́. Bí mo bá fi í pamọ́, mo ti dákẹ́ náà nìyẹn. Kí ó wà níbẹ̀. Kí gbogbo wọn rí i, kí gbogbo wọn sì gbọ́ èsì mi.”

“Bí wọ́n bá wá so ó láìbi ẹ́ ńkọ́?”

“Wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ bi mí.”

Lóòótọ́ ni. Kí Lèmọ́mù tó so yìgì, wọn yóò bi ọmọbìnrin bóyá ó gbà. Ṣùgbọ́n ní ti wúńdíá tí kò tíì mọ ilé ọkọ, ìtìjú kì í jẹ́ kó fọhùn. Nítorí náà, bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ti gbà, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ti fi ìdákẹ́jẹ́ sin lọ sílé ọkọ, nítorí ìyá wọn ti kìlọ̀ fún wọn pé ọmọ tó bá lanu sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn kò ní ìtìjú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, Àǹtí Àpìkẹ́ ló wá bá a wé ìbòrí. Ó ní, “Bí wọ́n ṣe so tèmi nìyẹn, Salmah. Mo tẹrí ba, ẹkún ń gbọ̀n mí, àwọn èèyàn ní ayọ̀ ló ń pa mí lẹ́kún. N ò sọ fún ẹnì kankan rí títí dòní.” Ó gún píìnì sí i lábẹ́ àgbọ̀n. “Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Kò sẹ́ni tó máa bá ẹ kọ̀ ọ́.”

Pálọ̀ kún. Lèmọ́mù jókòó, ẹlẹ́rìí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alàájì Mùyídéènì wọ agbádá tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ọnà sí. Jibril wà lọ́wọ́ òdìkejì, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ní kí Salmah wá jókòó sórí ẹní.

“Salmah ọmọ Mùyídéènì,” ni Lèmọ́mù wí, “bàbá rẹ fẹ́ fi ọ́ fún Jibril ọmọ Kàbírù. Ṣé o gbà?”

Ó dúró díẹ̀, bí wọ́n ti máa ń dúró. Obìnrin kan ti lanu láti gbé orin.

Salmah gbé ojú sókè, ó wo Lèmọ́mù. “Mi ò gbà, Àáfà.”

“Ojú ló ń tì í,” ni Alàájì yára wí. “Ẹ má dá a lóhùn.”

“Ojú ò tì mí, Bàbá. Mi ò gbà. Jibril, ẹ ò ṣẹ̀ mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹlòmíràn ni mo fẹ́. Bàbá mi mọ̀, mo ti sọ fún wọn, wọ́n kàn rò pé mi ò ní lè sọ ọ́ níwájú yín ni.”

Obìnrin kan ké “Àsìtàgáfírúláì!” lẹ́yìn. Alàájì Kàbírù dìde dúró. Ṣùgbọ́n Jibril ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. “Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ní ẹni tó ń fẹ́. Bí mo bá mọ̀ ni, mi ò ní kúrò ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bàbá.”

Lèmọ́mù kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ. “Ó ti lanu, ó ti kọ̀. Yìgì ò ṣeé so mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni.” Ó yíjú sí Salmah. “Ṣùgbọ́n ti ẹni tó o ń sọ yẹn, Kìrìsìtẹ́nì ni mo gbọ́. Èmi ò ní so ó fún yín o.”

“Mo mọ̀, Àáfà. Mi ò ní bẹ̀ yín. Ìjọba ló máa so ó.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìkéde mìíràn jáde lórí áàpù. Alàájì kò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Sábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé yìgì tí a kéde kò wáyé, nítorí pé ọmọbìnrin náà kò yọ̀ǹda, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Salmah kà á ní ilé Àǹtí Àpìkẹ́, níbi tó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ẹkún ti wá gbọ̀n ọ́n wàyí. Ó rí i pé òun àti bàbá òun jọ jẹ́ ẹ̀yà kan náà, ẹ̀yà tí kì í fi nǹkan pamọ́, ìdí sì nìyẹn tí yóò fi pẹ́ kí ọ̀kan tó gbà fún èkejì.

Ó pẹ́ lóòótọ́. Alàájì kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Salmah ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á kúnlẹ̀, á kí i. Alàájì á máa tẹ máṣíìnì lọ bí ẹni pé atẹ́gùn ló wọlé. Salmah á sọ bí ara ṣe rí fún un, á sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, á dìde, á lọ. Àwọn èèyàn ní kó yéé fi ara rẹ̀ wọ́lẹ̀. Ó ní òun kò fi ara òun wọ́lẹ̀, bàbá òun lòun ń kí.

Ní Iwaraja, Màmá Mọ́rìnọ́lá rò ó tán nígbà tó wù ú. Ó pe Láńrewájú lórí fóònù, ó ní, “Mo gbọ́ pé ó kọ̀ fún wọn níwájú Lèmọ́mù. Níwájú gbogbo ulé?” Láńrewájú ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ní, “N ò tíì fẹ́ ẹ tán o. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo lẹ fi ìgbéyàwó náà sí? Kí n lè ti ìsọ̀ pákó.”

Ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó náà kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n Salmah lọ. Ìrun Alásárì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Alàájì ti padà sídìí máṣíìnì, ọrùn agbádá kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Salmah kúnlẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá.”

Máṣíìnì ń lọ.

“Lọ́la ni, Bàbá. Ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Mi ò wá bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ tẹ̀ lé mi, mi ò sì wá sọ pé mo kábàámọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo wá bi yín. Láńrewájú ọmọ Akínladé fẹ́ fẹ́ mi, èmi náà sì fẹ́ ẹ. Ṣé ẹ gbà?”

Máṣíìnì dúró. Alàájì kò gbé ojú sókè. Ó fi àtàǹpàkò na aṣọ náà, ó tún un nà. Salmah dúró dè é bí Lèmọ́mù ti dúró de òun. Ẹnì kan kọjá níta, ó kí wọn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Nígbà tó ti tó, Salmah fọwọ́ gbọn eékún, ó dìde.

“Mo ti bi yín, Bàbá, ẹ sì dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé bí wọ́n bá bi èèyàn tó bá dákẹ́, ó ti gbà. Ẹ ṣeun, Bàbá. Màá sọ fún wọn pé ẹ gbà.”

Ó yíjú sí ọ̀nà. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sóde.

“Ta ló sọ fún ẹ pé mo dákẹ́?”

Salmah yí padà. Ojú bàbá rẹ̀ pọ́n. Ó ti di síṣọ́ọ̀sì mú bí ẹni tó fẹ́ gé nǹkan, kò sì sí nǹkan tó fẹ́ gé.

“Ẹ wí i nígbà náà, Bàbá. Ẹ ní ẹ ò gbà.”

Alàájì lanu. Ó wo ọmọ rẹ̀ lójú, ọmọ náà kò gbé ojú tirẹ̀ kúrò. Ó pa ẹnu dé. Ó tún lanu, ọ̀rọ̀ náà kò jáde, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé kì í ṣe ohùn ló wọ́n ọn.

Ó gbé síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó fa aṣọ padà sábẹ́ abẹ́rẹ́.

“Aago mélòó ni lọ́la?” ló wí.